Ìṣirò Kan fún Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Iye

Ohun tí a fẹ́ là yé ara wa ni bí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe ìṣirò kan náà fún gbogbo iye tí a tò sínú rẹ̀. Àwọn tí ń kọ ètò fún ẹ̀rọ yìí a máa to iye púpọ̀ tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní array. Ó dà bí ìwé orúkọ tí akọ̀wé ìjọ ń tọ́jú: olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀, àyè kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́mbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdámẹ́wàá ṣe àpẹẹrẹ. Bí owó tí ó wọlé fún ọmọ ìjọ mẹ́ta bá jẹ́ 20,000, 35,000 àti 50,000 náírà, báwo ni a ó ṣe mọ ìdámẹ́wàá olúkúlùkù? Ọ̀nà méjì ni ó wà.

Èkíní, a lè pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti àyè àkọ́kọ́, kí ó pín iye ibẹ̀ sí mẹ́wàá, kí ó kọ èsì sílẹ̀, kí ó sì bọ́ sí àyè tí ó tẹ̀lé e, títí yóò fi dé òpin. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀; nítorí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, òdo ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ sí ka àyè. Nọ́mbà àyè mẹ́ta náà ni 0, 1 àti 2. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1 ti fo ẹni àkọ́kọ́.

Èkejì, a lè fi òfin nìkan lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Map ni orúkọ ọ̀nà yìí nínú èdè púpọ̀. John McCarthy ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó dá èdè Lisp sílẹ̀, fi irú rẹ̀ hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Èsì rẹ̀, 2,000, 3,500 àti 5,000, yóò wà nínú ọ̀wọ́ tuntun. Ti àtijọ́ yóò sì wà bí ó ti wà.

Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí a bá kọ èsì lé orí iye àtijọ́, tí a sì tún ìṣirò náà ṣe ní èèṣì, ìdámẹ́wàá ti ìdámẹ́wàá ni a ó rí: 20,000 yóò di 200, kò sì sí ẹ̀rí ohun tí ó ti wà rí.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wa ṣírò iye méjì tàbí mẹ́ta, kí a fi wọ́n wé èsì ẹ̀rọ. Bí òfin bá tọ́, a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ́, gbogbo ènìyàn ni yóò wọ́ fún.