Bí Gángan Inú Àpótí Ìró Ṣe Lè Fọhùn: Ìlànà Àtúntò Ìró Àgbàsílẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá rìn láti Ìpọ̀nrí lọ sí Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kò ní ṣàìgbọ́ ìró gángan láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí òmíràn. Bí ó bá yọjú wò, ó ṣeé ṣe kí ó má rí onílù kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ti kíbọọ̀dù ni ó ń tẹ gángan náà jáde. Ìró náà jọ ti gángan lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí i láti mọ ohun tí ó ń wí, a ó rí i pé kò wí nǹkan kan. Èyí ṣeni ní kàyéfì ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, nítorí Ìpọ̀nrí kò jìnnà sí Gbọ̀ngàn Tíátà ti Ìgànmú, níbi tí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà lóríṣiríṣi ti dún nígbà FESTAC ní ọdún 1977.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò ní dùndún, tí kò sì ní àyàn tí yóò lù ú fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ kíbọọ̀dù wà nílẹ̀. Bí ọmọ bá ti ibẹ̀ gbọ́ gángan fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ariwo lásán, báwo ni a ó ṣe wá kọ́ ọ pé ohùn èdè rẹ̀ ni ìlù náà ń fọ̀? Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí ilé-iṣẹ́ ṣe to ìró sínú ẹ̀rọ kò di dandan kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé tún tò, ẹni tí ó mọ ètò ohùn Yorùbá ni ó sì lè tò ó kí ó fi fọhùn.

Ohun tí ó wà nínú àpótí ìró

Ohun tí a ń pè ní àpótí ìró níhìn-ín ni irú ẹ̀rọ synthesizer tí kò ní ojú ìtẹ̀ funfun àti dúdú tirẹ̀. Wáyà MIDI, ìlànà tí ó jáde ní ọdún 1983, ni a fi ń so ó mọ́ kíbọọ̀dù. Ìró kì í gba inú wáyà yìí kọjá. Iṣẹ́ tí kíbọọ̀dù ń rán ni pé wọ́n tẹ ojú báyìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ líle tàbí jẹ́jẹ́, wọ́n sì ti gbé ọwọ́ kúrò. Inú àpótí ni ìró wà, gẹ́gẹ́ bí ohùn ohun èlò gidi tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí àwọn olórin mọ̀ ni JV-1080 tí ilé-iṣẹ́ Roland ní Japan gbé jáde ní ọdún 1994. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìlànà wọn kò yàtọ̀.

Àyè ìrántí ni ó dí àwọn tí ó ṣe àpótí àtijọ́ lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ gba ìró sílẹ̀ bí ó ti wà lórí àwo CD, ìṣẹ́jú-àáyá kan gba ìwọ̀n 88,200 byte fún etí kan. Ìrántí tí ó jẹ́ megabyte 8 kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ, inú rẹ̀ sì ni dùùrù, fèrè, gìtá àti ìlù yóò ti jọ pín in. Nítorí náà wọ́n ń gé ìró kúrú, wọ́n sì ń na ìró kan ṣoṣo sórí ojú ìtẹ̀ púpọ̀.

Ojú ìtẹ̀ kan máa ń wà tí ìró ti ń jáde gan-an bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Orúkọ àdúgbò tí a mẹ́nu bà lókè ni a yá fún un: a pè é ní ojú ìpọ̀nrí, nítorí pé nínú èrò Yorùbá, ìpọ̀nrí ni orísun tí ẹ̀dá ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá ṣe ń tẹ ojú tí ó ga ju ojú ìpọ̀nrí lọ, ẹ̀rọ yóò máa sáré ka ìró náà. Bí a bá ti orí dò dé dò òkè, ìró tí ó gùn tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá yóò di ìdá mẹ́ta péré, yóò sì tín-ín-rín. Gángan gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí onílù bá fún ọ̀sán, awọ ni ó le sí i. Igi ìlù kò kéré sí i. Ìdí nìyí tí gángan inú ẹ̀rọ fi ń dún bí ìlù ọmọdé bí a bá gbé e ga.

A gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba agogo níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà General MIDI ní ọdún 1991, kí àpótí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè máa to ìró bákan náà, wọ́n fún agogo ní àyè méjì nínú àwọn ohun èlò lílù: nọ́ńbà 67 fún agogo òkè, 68 fún agogo ìsàlẹ̀. Orúkọ Yorùbá gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀nà Brazil ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Dùndún kò ní àyè nínú ètò náà, kò sì yani lẹ́nu. Ohùn méjì tí kì í yẹ̀ ni agogo ní, nọ́ńbà méjì sì tó o. Nọ́ńbà wo ni a ó fún ìlù tí ohùn rẹ̀ ń yí padà nígbà tí ó ṣì ń dún lọ́wọ́? Nínú ẹbí dùndún fúnra rẹ̀, gúdúgúdú ni ó rọrùn jù fún àpótí ìró, nítorí pé kò ní ọ̀sán tí onílù ń fún.

Ìrìn ìró àti asẹ́

Ìró gbogbo ní ìrìn: ìdìde, ìwálẹ̀, ìdúró àti ìparẹ́. Fún ìlù, kí ìdìde má gba àkókò rárá, kí ìdúró sì jẹ́ òdo, nítorí pé kọ̀ǹgọ́ kì í dúró lórí awọ. Ìwálẹ̀ nìkan ni a ó máa gùn tàbí dín kù. Etí ń fi ìdìde dá ohun èlò mọ̀ ju apá yòókù lọ. Orí èyí ni Roland gbé ẹ̀rọ D-50 lé ní ọdún 1987, tí wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ kúkúrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ síwájú ìró tí ẹ̀rọ dá ṣe.

Asẹ́ ni a pe apá tí ń sẹ́ ìró bí a ti ń sẹ́ ògì, tí ó ń dá ìró mímú dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí èyí tí ó rinlẹ̀ kọjá. Kí a so asẹ́ mọ́ agbára ìtẹ̀: bí a bá tẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ìró ṣókùnkùn, bí a bá tẹ̀ líle, kí ó là.

Ohùn mẹ́ta àti ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́rọ́

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bí a bá tẹ ojú kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó, àgbẹ̀, awakọ̀ àti ọdẹ ni yóò jọ jẹ́ ẹ. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti ní ìró mẹ́ta tí a gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ara ìlù kan náà, ti ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìpọ̀nrí tirẹ̀. Nípa báyìí kò sí èyí tí a ó nà jìnnà, igi ìlù kò sì ní dà bí ẹni pé ó ń sún kì.

Ṣùgbọ́n ohùn mẹ́ta nìkan kò tíì tó. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè ti fi yé wa pé ohùn òkè tí ó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ ń yọ́ gòkè, bí i nínú "ìwé", àti pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ohùn òkè ń yọ́ wálẹ̀, bí i nínú "rárà". Gángan a máa gbé yíyọ́ yìí jáde, òun sì ni etí Yorùbá fi ń mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀. Wíìlì tí ó wà ní apá òsì kíbọọ̀dù ni a ó fi ṣe é. Ìwọ̀n semitone méjì sókè àti méjì sísàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún wíìlì náà láti ilé-iṣẹ́, èyí tí ó kéré fún ọ̀sán. Kí a fẹ̀ ẹ́ dé méjìlá, kí a lè máa lo ìwọ̀n tí a bá fẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi "Bàbá ti dé" ṣe àpẹẹrẹ. A tẹ "bà" ní ìsàlẹ̀. Kí a tó tẹ "bá", a fa wíìlì wálẹ̀ díẹ̀. Bí ìka bá ti kan ojú òkè, a fi wíìlì sílẹ̀ kí ó padà sí àárín fúnra rẹ̀, ohùn yóò sì yọ́ gòkè. "Ti" àti "dé" kò fẹ́ wíìlì. Fún "rárà", òdìkejì ni: a ti wíìlì sókè kí a tó tẹ ojú ìsàlẹ̀, a sì fi sílẹ̀. Kí a to àpótí sí ohùn kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìlù tuntun máa pa ti àtẹ̀yìnwá, nítorí pé awọ kan náà ni gángan fi ń dún.

Àwọn kan ń lo ètò tí ẹ̀rọ fi ń yọ́ láti ojú kan dé òmíràn láìtún ìró bẹ̀rẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlù tirẹ̀; ètò yẹn yóò gbé ìlù kejì mì, "bàbá" yóò sì di sílébù kan gígùn. Bákan náà ni àwọn mìíràn ń to yíyọ́ mọ́ inú ìró fúnra rẹ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n bákan náà ni yóò máa yọ́ nígbà gbogbo, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ onílù ni ó ń pinnu ìwọ̀n. Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé nínú àwo Juju Music (1982) àti Synchro System (1983) ti King Sunny Adé, synthesizer wà níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn onílù ni ó ń fi gángan sọ̀rọ̀.

Nínú kíláàsì

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ ọ̀rọ̀ kan láti inú mẹ́rin òkè yẹn, kí àwọn yòókù fi àmì ohùn sí i lórí ìwé. Lẹ́yìn èyí kí wọ́n bọ́ sórí gbólóhùn tí gbogbo wọn mọ̀, nítorí pé ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, gbólóhùn àjèjì kò sì lè yé ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Kí olùkọ́ rántí kọ àtúntò rẹ̀ sínú àyè ìrántí oníṣe kí iná tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gángan ilé-iṣẹ́ ni yóò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ìyáàlù dípò gángan yóò fi ìró ṣaworo kún un gẹ́gẹ́ bí ìpele kejì. JV-1080 gba irú ìpele bẹ́ẹ̀ mẹ́rin lórí ojú ìtẹ̀ kan. Ìpele ṣaworo yìí ni kí ó yọ kúrò lábẹ́ àṣẹ wíìlì, nítorí pé bí onílù bá fún ọ̀sán, ohùn awọ ni ó ń gòkè. Ti ṣaworo kì í yí padà.