Ta ni yóò sọ ohun tó pa òkú?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Pobè àti Sakété! Ọ̀rọ̀ òní wúwo díẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sùn tí kò jí, tàbí tí wọ́n bá òkú rẹ̀ lóko, kí la kọ́kọ́ máa ń ṣe? A ó wẹ̀ ẹ́, a ó sin ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ariwo á wá bẹ̀rẹ̀: "Orogún ló pa á!" Ẹ̀rí sì ti wọlẹ̀ lọ.

Ní Èkó, òfin ọdún 2007 fi irú ikú bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní kọ́rónà. (Kì í ṣe àrùn kòrónà o!) Adájọ́ ni, kì í ṣe dókítà. Á gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí àti ti dókítà, á sì sọ ẹni tó kú àti ohun tó pa á.

Níhìn-ín, procureur ló ni iṣẹ́ náà. Ọlọ́pàá á lọ wo òkú níbi tó wà, á fi tó procureur létí, òun náà á sì yan dókítà. Èyí tó mọ̀ ọ́n jù là ń pè ní médecin légiste. Ó kọ́ ìṣègùn fún nǹkan bí ọdún méje, ó tún wá fi ọdún mélòó kan kọ́ nípa òkú àti ọgbẹ́. Kì í ṣe òkú nìkan ló ń yẹ̀ wò o: ìyàwó tí wọ́n lù, ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ó lè kọ ìwé ẹ̀rí fún wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ìdílé kan tàn án sínú ilé mọ́jú, gbogbo wọn kú. Àdúgbò á ní májèlé ni. Bẹ́ẹ̀ oró kan wà nínú èéfín yẹn tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ òkú bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́n yòò, dókítà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á mọ̀. Orogún á bọ́, aládùúgbò á sì gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ síta.

Nígbà tí iná epo jó ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó lé ní 30 ènìyàn tó kú. Tí iná bá jó èèyàn kọjá mímọ̀, eyín rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ mọ̀lẹ́bí ni dókítà fi ń dá a mọ̀.

Ìyá àgbà tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́, tí dókítà mọ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ikú òjijì ni mò ń wí. Ẹ má wẹ òkú, ẹ má fọ ife tó fi mu nǹkan, ẹ má gbá èébì dànù. Ẹ ránṣẹ́ sí kọmisáríà. Tí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan náà lẹ ń sin òkú yín, ẹ tètè sọ ọ́ fún ọlọ́pàá kí iṣẹ́ lè yá. Bí dókítà bá ti parí, procureur á fún yín ní ìwé ìsìnkú.