Òótọ́ àbí irọ́? Géèmù, ìtàn àti àwókù Kamina

"Eré lásán ni géèmù, kò kọ́ ọmọ ní ìtàn." Irọ́ ni. Ní 1971, ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, Don Rawitsch àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ṣe géèmù The Oregon Trail, nípa ìrìn àjò àwọn tó ṣí lọ sí Oregon láyé àtijọ́, fún kíláàsì ìtàn. Ọmọ iléèwé fúnra rẹ̀ ló ń pinnu iye tí yóò ná sórí oúnjẹ kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣìṣirò, ó lè kú sójú ọ̀nà.

"Ẹni tó bá ti gbá géèmù ogun ti mọ ogun náà." Irọ́ gbuu! Battlefield 1, géèmù Ogun Àgbáyé Kìíní tó jáde ní 2016, gbé wa dé orí òkè Ítálì, ó gbé wa dé Gallipoli àti ilẹ̀ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n kò ya Tógò. Bẹ́ẹ̀, ní Kamina, nítòsí Atakpamé, làwọn Jámánì, tó ń ṣàkóso Tógò nígbà náà, kọ́ ilé rédíò kan sí, tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ tààrà, ọ̀nà tó ju 5,000 kìlómítà lọ. Nítorí rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe tètè ya wọ Tógò ní oṣù Kẹjọ, 1914. Ní ọjọ́ 22, àwọn Jámánì dá wọn dúró létí odò Chra. Nígbà tó di òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn Jámánì kan náà ló wó òpó rédíò wọn lulẹ̀, wọ́n sì túúbá lọ́jọ́ 26. Àwókù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Géèmù tó dùn lèyí ì bá jẹ́: ṣé kí o wó o ni, àbí kí o jà? Àmọ́ ojú ta la ó fi wò ó? Ti ẹnjiníà Jámánì ni, àbí ti ọmọ Áfíríkà tó ru ẹrù ogun tí kì í ṣe tirẹ̀?

"Òyìnbó nìkan ló ń ṣe géèmù nípa Áfíríkà." Irọ́. Kiro'o Games ní Yaoundé gbé Aurion jáde ní 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé àròsọ ni.

"Géèmù lè gbé àṣà Ifẹ̀ Atakpamé ró." Òótọ́ ni, bó bá gbọ́ èdè wọn. Àwọn Ifẹ̀, tí à ń pè ní Ana, ní Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Faransé lọmọ wọn fi ń kàwé. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àṣà ní 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀: bí agọ̀ bá ń jó tí orin rẹ̀ sì jẹ́ Faransé, kí ló kù níbẹ̀ ju aṣọ lọ? Ohùn àwọn àgbà ni kí ẹni tó fẹ́ ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, kó tó ya àwòrán kankan.