Ìyá Náà Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ: Bí A Ti Ń Wọn Àárẹ̀ Ẹni Tí Ó Sanra Jù



Ní èbúté Àpápá, a máa ń wọn ẹrù. Kọ̀ntẹ́nà ní ìwọ̀n tirẹ̀, àpò ìrẹsì ní tirẹ̀, tírélà tí yóò sì gbé wọn jáde ní iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé wọlé ní Ajégúnlẹ̀ lálaalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí. Àárẹ̀ ni ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Boundary. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún. Láti ìgbà tí ó ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, àwọn ènìyàn sì ń kí i pé ayé ń yẹ ẹ́. Nísinsìnyí, bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé, ó di dandan kí ó dúró mí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jókòó ti ọjà rẹ̀ lọ́sàn-án, oorun a gbé e lọ, àwọn ọmọdé a sì máa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọkọ rẹ̀ ní ìmẹ́lẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ibà ni, ó sì ti ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin oṣù méjì láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè pé: báwo ni àárẹ̀ náà ti pọ̀ tó?

A ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn a máa mú iye kílógíráàmù tí ènìyàn wọ̀n, wọn a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, wọn a sì tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìyá wa bá ga ní mítà 1.60, tí ó sì wọ̀n ní kílógíráàmù 105, èsì rẹ̀ jẹ́ 41. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹni tí èsì rẹ̀ bá tó 30 sí ẹni tí ó sanra jù. Ẹni tí ó bá tó 40 ti wọ ìpele tí ó le jù lọ. Kí a má tan ara wa, a kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láwùjọ wa, nítorí lójú wa, ẹni tí ó tínrín ni ìyà ń jẹ.

Èdè wa pàápàá máa ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ru igbá láti Boundary dé òpópónà Liverpool yóò wí pé, "Ó rẹ̀ mí." Ẹni tí ibà ń ṣe yóò wí pé, "Ó rẹ̀ mí." Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ohun kan náà ni yóò sọ. Báwo wá ni dókítà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ yóò ti mọ èyí tí ẹ ń wí? Ìdí nìyí tí a fi ń sọ àárẹ̀ di iye tí a lè kọ sínú ìwé.

Ní ọdún 1989, Lauren Krupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde. Gbólóhùn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀: bóyá àárẹ̀ tètè máa ń mú ni, bóyá ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, bóyá ó ń pa ẹbí àti ọ̀rẹ́ lára, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mú iye kan láti 1 dé 7. 1 ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. 7 ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi 9 pín in. Bí èsì bá tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àárẹ̀ náà ti kọjá ti iṣẹ́ òòjọ́. Bí àròpọ̀ ìyá wa bá jẹ́ 48, èsì rẹ̀ lé ní 5.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn tí ó sanra ni a ṣe òṣùwọ̀n yìí. Àwọn tí ó ní àrùn mìíràn tí í máa tán ènìyàn lókun ni a kọ́kọ́ lò ó fún. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ béèrè bóyá eré ìdárayá máa ń fa àárẹ̀. Ta ni yóò gbé kílógíráàmù 105 gun àtẹ̀gùn tí yóò wí pé rárá? Nítorí náà, lójú tèmi, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò tó.

Oorun yàtọ̀ sí àárẹ̀, ó sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Dókítà Murray Johns ti ìlú Melbourne ní Australia ni ó gbé e jáde ní 1991. Ipò mẹ́jọ ni a ń béèrè nípa rẹ̀, pé báwo ni ènìyàn ti lè tètè tòògbé bí ó bá wà níbẹ̀: bí ó bá ń kàwé, bí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìkan nínú wọn ni ìjókòó nínú ọkọ̀ tí ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. (Ìṣẹ́jú díẹ̀! Ó dájú pé kì í ṣe Àpápá ni wọ́n ní lọ́kàn.) Ipò kọ̀ọ̀kan gba 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 24. Ẹni tí ó bá kọjá 10 gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Bí baálé ilé bá sanra púpọ̀, tí ó sì ń wa tírélà tàbí dánfó, ẹ má fi ìbéèrè yìí ṣeré, nítorí ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan kọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn tì í ni ẹ lè ṣe àyẹ̀wò tí dókítà kò lè ṣe. Ọ̀rá tí ó bá pọ̀ ní ọrùn a máa fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ bí ènìyàn bá sùn. Ẹ ó gbọ́ tí yóò máa hanrun kíkankíkan, tí ìró náà yóò dákẹ́ lójijì, tí èémí yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí yóò sì ta gìrì mí padà bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 30 lọ láàrin wákàtí kan. Òun kò ní rántí ìkankan nínú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ṣùgbọ́n kò sùn. Ẹ yá tépù lọ́wọ́ aránṣọ, kí ẹ fi wọn ọrùn rẹ̀: bí ti obìnrin bá tó ínǹṣì 16, tàbí ti ọkùnrin bá tó 17, ẹ fi kún ohun tí ẹ ó sọ ní ilé ìwòsàn.

Nínú ilé, ẹ lè lo ìwé àjákọ ọmọ yín. Láàárọ̀ nígbà tí ó bá jí, lọ́sàn-án, àti lálẹ́, kí ó kọ iye kan láti 0 dé 10, kí 0 jẹ́ àìsí àárẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Iye àárọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ, nítorí ẹni tí ó sùn mọ́jú tí ó sì jí pẹ̀lú 8, kì í ṣe ọjà ni ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ má dúró ṣe ìwọ̀n kankan bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí bí kò bá lè mí dáadáa bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Ajeromi tàbí ti Àpápá, ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá kò tó, bóyá àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ru. Kí ó má fi ìbànújẹ́ ọkàn pa mọ́ fún wọn, nítorí òun náà a máa gba okun ènìyàn. Kí ó kó gbogbo oògùn tí ó ń lò lọ́wọ́. Oògùn ara yíyún mìíràn a máa kun ènìyàn lóorun. Bí ó bá jẹ́ pé ara ni wọ́n ní kí ó dínkù, ẹ má fi ebi pa á, ẹ má sì retí pé yóò di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó wọ̀n ní 105, bí ó bá lè dín kílógíráàmù 5 sí 10 kù díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún èémí rẹ̀ lóru àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Bí ìtọ́jú bá ti pé oṣù kan, kí ó tún dáhùn àwọn gbólóhùn mẹ́sàn-án náà. Yóò ṣì máa wí pé, "Ó ń rẹ̀ mí," ṣùgbọ́n ẹ lè rí i pé 48 ti di 39. Ẹ kọ ọjọ́ sí orí ìwé méjèèjì, kí ẹ sì mú wọn lọ pọ̀ nígbà tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà.