Kùrukùru Inú Gíláàsì Ọkọ̀: Omi Ni Ká Lé



Kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: òjò ń rọ̀, gbogbo gíláàsì wà ní títì, èèyàn márùn-ún wà nínú ọkọ̀. Kó tó pẹ́, gíláàsì iwájú á ti funfun. Dírẹ́bà á wá máa fi ọwọ́ kan wakọ̀, á máa fi ìkejì nu gíláàsì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nu gíláàsì, ẹ ti lọ mítà 66 láì ríran dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí ló ń fà á? Ẹ wo ìgò mínírà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì, bó ṣe máa ń làágùn. Ìgò kọ́ ló jò o. Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá. Gbogbo afẹ́fẹ́ ló ní omi tí ojú ò rí, bó bá sì ṣe gbóná tó ni omi tó lè gbà ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ ro àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ní 30°C, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gba omi bíi gíráàmù 30. Ní 20°C, bíi 17 ni. Ní 10°C, bíi 9 péré. Tí afẹ́fẹ́ olómi bá kan ohun tó tutù, omi tí kò lè gbà mọ́ á jókòó sórí ohun náà. Bí ìrì ṣe ń sẹ̀ nìyẹn.

Nínú ọkọ̀, òjò ló ń mú kí gíláàsì tutù. Èémí wa, aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì tó ti rin ló ń pèsè omi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé AC ò wúlò nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Rárá o. AC máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Òun ni omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yín. Ẹ tàn án, ẹ darí rẹ̀ sí gíláàsì iwájú, kí ẹ sì pa bọ́tìnnì tí wọ́n ya ọkọ̀ àti ọfà tó tẹ̀ sí, torí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kan náà ni ìyẹn ń yí po. Ẹni tí kò ní AC, kó ṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kó sì tan fáànù.

Àmọ́ kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ́kọ́ fi ìka nu gíláàsì náà látinú. Tí kò bá kúrò, ìta ló wà. AC tó tutù jù ló sọ gíláàsì yín di ìgò mínírà. Wáípà ló máa nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ dín òtútù AC kù, kí ẹ sì yí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò lára gíláàsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, afẹ́fẹ́ ìta yín nígbà òtútù ò ní omi púpọ̀ nínú. Tí híítà bá ti mú un gbóná, ó ti di afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ẹ fẹ́ ẹ sí gíláàsì, kí ẹ sì ní sùúrù. Òfin 229 nínú Highway Code sọ pé nígbà yìnyín, kí kùrukùru kúrò lára gíláàsì pátápátá ká tó gbéra.

Láti dènà rẹ̀, ẹ máa fọ gíláàsì nínú, torí ìdọ̀tí máa ń di omi mú, iná ọkọ̀ ẹlòmíì á sì máa tàn yòò lára rẹ̀ lálẹ́. Ẹ sá kápẹ́ẹ̀tì tó bá rin. Ẹ fi agboòrùn tó tutù sí búùtù.

Tó bá sì bò yín lójú lórí eré, ẹ rọra dín eré kù, ẹ wá ibi tí kò léwu, kí ẹ dúró. Ilé ò ní sá lọ.