Ìdí tí a fi ń ti ìkànnì ẹgbẹ́ fún wákàtí díẹ̀



Àwọn kan nínú yín bi wá léèrè pé kí ló dé tí ìkànnì ẹgbẹ́ lórí ayélujára kì í ṣí ní àwọn òru kan, tí ẹni tó fẹ́ san sàká kì í ríbi san án. Ìbéèrè tó dára ni, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Lórí ìkànnì yìí ni a ń kọ orúkọ ẹni tó san sàká sí, iye tó san, àti ọmọ òrukàn tí a fi tọ́jú. Àmáànà ni. Nínú Suratu-n-Nisāi, áyà 6, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a wá ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń fi dúkìá ọmọ òrukàn lé e lọ́wọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá sọnù, kí ni a ó fi jẹ́rìí?

Sọ́fítíwíà tó gbé ìkànnì ró dà bí ilé. Ihò máa ń yọ lára rẹ̀, àwọn tó ṣe é a sì fi ẹ̀dà tuntun dí i. Ní oṣù January ọdún 2017, àwọn WordPress fi ẹ̀dà 4.7.2 dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n kéde rẹ̀, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti wọ ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọn kò tíì sọ di tuntun, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ṣùgbọ́n ìsọdọ̀tun náà lè da ìkànnì rú, bí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò bá bá ara wọn mu mọ́. Nítorí náà, báyìí ni a ṣe ń ṣe é:

1. A ń kọ́kọ́ ti ibi ìsanwó. Bí ẹnì kan bá sanwó lẹ́yìn tí a ti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ tán, tí nǹkan sì bàjẹ́ tí a fi padà sí ẹ̀dà yẹn, orúkọ rẹ̀ kò ní í sí níbẹ̀. Owó rẹ̀ á ti dé báńkì, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á ti pòórá. Ìdí tí ẹ fi ń bá ilẹ̀kùn ní títì nìyẹn.

2. A ń da ohun méjì kọ: àwọn fáìlì àti àwòrán, àti database tí orúkọ àti iye owó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ti àkọ́kọ́ kọ, wọ́n ń gbàgbé èkejì, bẹ́ẹ̀ èkejì gan-an ni àmáànà.

3. A kì í kó ẹ̀dà pa mọ́ sí ojú kan. Ní March 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà OVH ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn kan tí ẹ̀dà ìpamọ́ wọn wà níbẹ̀ náà pàdánù méjèèjì. Ẹ̀dà tiwa kan wà níbòmíràn, a sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, nítorí àṣírí àwọn ọmọ òrukàn.

4. A ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà ti àtijọ́. Olè lè ti wọlé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó fura, tí ẹ̀dà tó tuntun jù náà á ti bàjẹ́.

5. A ń dán ìsọdọ̀tun wò lára àwòkọ ìkànnì kí a tó ṣe é lára ojúlówó.

6. Lóòrèkóòrè, a ń gbìyànjú láti dá ẹ̀dà ìpamọ́ padà sípò. Ẹ̀dà tí a kò dán wò rí, ìrètí lásán ni.

Lẹ́yìn ogun Yamāmah, ní nǹkan bí ọdún 633, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sórí kú, Sayyidina Umar kò dúró kí nǹkan tó bàjẹ́. Òun ló gba Khalīfah Abu Bakr níyànjú pé kí wọ́n kó o jọ sínú ìwé, Zayd ọmọ Thābit sì ṣe iṣẹ́ náà. Àpẹẹrẹ ìṣọ́ra nìyẹn jẹ́ fún wa.

Owó ìtọ́jú ìkànnì kì í ti inú sàká jáde. Inú owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ ni a ti ń yọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bójú tó ìkànnì mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-kéwú, ẹ bi ẹni tó ń ṣe é fún yín léèrè: ìgbà wo lo dá ẹ̀dà ìpamọ́ padà sípò gbẹ̀yìn? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Kí Ọlọ́hun gba sàká wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a jẹ àmáànà ọmọ òrukàn. Àmín.

Wassalaamu alaykum.