Ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò: Jitu Brown àti ìbò ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ní Chicago

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin òbí, òwe yìí bá ẹni tó ń tọrọ ìbò láti bójú tó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa mu gan-an.

Ní Chicago, méyọ̀ ló ń yan ìgbìmọ̀ ilé-ìwé látọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, aráàlú dìbò fún un fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n yan ènìyàn 10, méyọ̀ sì yan 11 yòókù. Kò sí olùdíje kankan tí aráàlú ti dìbò yàn sípò yẹn rí. Kí làwọn òbí wá máa fi mọ ẹni tó tọ́? Iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó wá tọrọ ìbò ni.

Ẹ wo Jitu Brown, tó wọlé ní agbègbè karùn-ún. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó àwọn òbí jọ ní South Side. Nígbà tí wọ́n pinnu ní 2012 pé àwọn máa ti ilé-ìwé girama Dyett pa díẹ̀díẹ̀, òun àtàwọn òbí adúgbò ò gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ènìyàn 12 pa oúnjẹ tì, nǹkan olómi nìkan ni wọ́n ń mu. Ọjọ́ 34 ni wọ́n fi ṣe é. Ní 2016, Dyett tún ṣílẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni wọ́n rí gbà.

Èrò rẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ ò jìnnà sí ìtàn yẹn. Ó fẹ́ ilé-ìwé tí òbí àti aládùúgbò ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ọmọ ti lè rí ìrànlọ́wọ́ tó ju ti ìwé lọ. Ẹlòmíì lè ní ilé-ìwé tí ọmọ ò pọ̀ nínú ẹ̀ ń jẹ owó. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn náà, ó sì yẹ kí olùdíje lè fèsì sí i.

Tó bá kan tiwa ńkọ́? Ẹ bi wọ́n léèrè nípa Yorùbá. Àmì ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Seal of Biliteracy, fún ọmọ tó bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì àti èdè mìíràn. California ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2011, Illinois náà sì ní in. Ẹ béèrè: “Ṣé ẹ máa ṣètò ìdánwò Yorùbá fáwọn ọmọ wa, àbí Spanish àti French nìkan lẹ mọ̀?” Ẹni tó bá ń kólòlò, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Òfin ti ya oṣù Kọkànlá ọdún 2026 sọ́tọ̀ fún ìbò gbogbo ìjókòó 21. Bí ẹnìkan nínú ìdílé yín ò bá tíì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, kó má káwọ́ gbera. Láti 1989 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Chicago ti ní Local School Council, tó ń yan ọ̀gá ilé-ìwé, tó sì ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó. Òbí tí kì í ṣe ọmọ ìlú lè dìbò níbẹ̀, ó sì lè díje.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ọmọ wa lẹ́yìn wa o.